Ta Ló Ń Sanwó Orin? Ìtàn ‘Jà Fún Mi’ àti Bí Kíbọ́ọ̀dù Ṣe Wọ Inú Jùjú

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ará ìlú, ní Àyèká, ilẹ̀ Ìkálẹ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa orin. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n mú orin kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí gbogbo orin Yorùbá láàárín wákàtí kan, irọ́ ló fẹ́ pa. Orin tí mo mú ni ‘Jà Fún Mi’, tí King Sunny Adé àti ẹgbẹ́ rẹ̀, African Beats, gbé jáde lọ́dún 1982. Òun ló ṣáájú gbogbo orin inú àwo tí wọ́n pè ní Juju Music, òun náà sì ni orin tí ọ̀pọ̀ àjèjì fi mọ Sunny Adé títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí kíbọ́ọ̀dù jẹ́, nítorí àwọn ọmọ tó wà níbí rò pé ọjọ́ tí wọ́n bí Wizkid ni wọ́n ṣe é. Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ sínú fèrè rẹ̀. Pianó, òòlù kéékèèké ló ń lu okùn wáyà inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń pè ní synthesizer, iná mànàmáná ló ń dá ohùn sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló máa pinnu bóyá kó dún bí fèrè, bí gòjé, tàbí bí ohun tí etí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Robert Moog, ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ọjà láàárín ọdún 1964 sí ọdún 1970. Ní Jámánì, ẹgbẹ́ Kraftwerk fi í ṣe ‘Autobahn’ lọ́dún 1974, orin tó gba gbogbo ojú kan àwo, tó lé ní ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí rédíò máa lò ó, wọ́n gé e kù sí nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀, èyí tí wọ́n gé kù yẹn ló sì gbé orúkọ wọn dé Amẹ́ríkà. Ẹ fi gígé yẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá bá a.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1981, àwọn ọmọ òyìnbó ti kó gìtá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ti gba ẹ̀rọ mú. Human League, ẹgbẹ́ kan láti ìlú Sheffield, gbé ‘Don’t You Want Me’ jáde lọ́dún náà. Philip Oakey tó jẹ́ olórí akọrin wọn kò fẹ́ kí wọ́n gbé orin yẹn jáde lóun nìkan, kò kà á kún nǹkan. Ilé iṣẹ́ àwo wọn ta kú, orin náà sì dé ipò kìíní ní Bìrìtìkó lásìkò Kérésì. Bí orin tó ń sọ ẹgbẹ́ di ẹgbẹ́ ṣe máa ń rí nìyẹn: lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó kọ ọ́ kọ́ ló ń yàn án.

Iná mànàmáná ni mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mo sì gbọ́ ẹ̀rín yín. Ilé iṣẹ́ amúnáwá Ọmọtọ́ṣọ́ wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa wa níbí. Láti ọdún 2007 ló ti ń rán iná lọ síbi tó ń rán an lọ, àwa tí a wà lẹ́bàá rẹ̀ sì ti lo ọdún gbọọrọ nínú òkùnkùn. Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé ohùn mi dé etí yín báyìí. Kò kúkú yàtọ̀ sí òde àríyá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀: láti ìgbà tí jùjú ti ń lo gìtá oníná, jẹnẹrétọ̀ ni ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn àwo.

Òṣogbo ni wọ́n bí Sunday Adéníyì Adégẹyè, ìyẹn Sunny Adé, sí, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1946, ṣùgbọ́n ọmọ ọba Oǹdó ni. Ará Ìpínlẹ̀ wa ni, ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lórí èyí kó dúró dè mí níta. Bàbá rẹ̀ a máa tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, ìyá rẹ̀ sì wà lára àwọn akọrin. Mo fẹ́ kí ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú, nítorí àwọn tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ lókè òkun nígbà náà máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé inú aginjù ló ti jáde, tí òyìnbó kan wá fi kíbọ́ọ̀dù hàn án. Ọmọ ẹni tó ń tẹ dùùrù ni. Lọ́dún 1963 ó fi ilé sílẹ̀ lọ sí Èkó, ó ní Yunifásítì lòun ń lọ, kò sì dé ibẹ̀. Ẹgbẹ́ Federal Rhythm Dandies ló dé, ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá, ìyẹn Baba Sàlá tó padà wá fi ẹ̀rín pa gbogbo wa níwájú tẹlifísàn. Ní 1967 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó kọ́kọ́ pè é ní Green Spots, orúkọ tó ń wo ojú Blue Spots ti I.K. Dáíró, olórin jùjú tó ṣáájú rẹ̀. Orin tó kọ́kọ́ gbé e jáde ni ‘Challenge Cup’, tó fi kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Stationery Stores. Òun àti ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde ní aáwọ̀ lórí owó, ọ̀rọ̀ dé kóòtù, ó sì dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Sunny Alade Records. Ẹ rí i pé kí òyìnbó kankan tó mọ orúkọ rẹ̀, ó ti mọ bí a ṣe ń ka owó orin.

Jùjú fúnra rẹ̀ kò fìgbà kan jẹ́ orin tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò. Nígbà tí Túndé King ń kọ ọ́ ní Èkó láàárín 1930 sí 1939, bánjò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun èlò àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù olójú kan tí wọ́n ń mì tí wọ́n ń lù. Kódà gángan tí a rò pé ó wà níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, lẹ́yìn ogun Hitler ni wọ́n mú un wọ jùjú. Àkànbí Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1948. I.K. Dáíró mú àkọ́díọ̀nù wọlé, ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Lẹ́yìn ìyẹn ni gìtá oníná, kì í sì í ṣe kan tàbí méjì: gìtá mẹ́rin, márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ gbólóhùn kúkúrú tirẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ wá ń wọnú ara wọn bí owú inú aṣọ òkè. Nígbà tó yá, Sunny Adé fi gìtá irin tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ta kún un, èyí tó máa ń fa ohùn gùn bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀. Adémọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta á. Hawaii ni ohùn yẹn ti ṣẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn olórin kọ́ńtírì Amẹ́ríkà ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbọ́ Jim Reeves lórí rédíò mọ ohun tí mò ń wí.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá ní kíbọ́ọ̀dù ló ba jùjú jẹ́, tàbí pé kíbọ́ọ̀dù ló là á lójú, èmi kì í dá a lóhùn. Àlejò tó dé kẹ́yìn ni kíbọ́ọ̀dù. Ohun mìíràn ló yí ‘Jà Fún Mi’ padà kúrò ní orin òde ilé, ẹ kò sì lè fi etí gbọ́ ọ nínú àwo náà, nítorí ohun tí wọ́n yọ kúrò ni.

Ẹ wo bí àwo jùjú ti ṣe rí nílé ní àkókò yẹn. Ojú kan àwo, orin kan ni, ó lè tó ìṣẹ́jú méjìdínlógún tàbí ogún láìsinmi. Wọn a fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Òwe a wọlé. Lẹ́yìn náà ni orúkọ ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: alágbàṣe yìí, oníṣòwò yẹn, ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bá a wá sóde. Gángan á máa pè é lórúkọ àlàjẹ́ baba rẹ̀. Nígbà tí orúkọ bá tán, wọn a jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀, ìlù nìkan á gba ojú agbo. Ìlànà òde àríyá ni wọ́n gbé sórí àwo. Ní òde, olórin ò lè dá ara rẹ̀ lẹ́kun. Bí olówó bá ṣì ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, ó gbọ́dọ̀ máa kì í, bó tilẹ̀ di aago márùn-ún ìdájí. Àwọn ọdún epo rọ̀bì ni, owó wà, Èkó àti Ìbàdàn kò sùn ní òru Sátidé. Ebenezer Obey, akọrin jùjú mìíràn, ní àwọn olówó tirẹ̀, Sunny Adé ní àwọn tirẹ̀, àwọn olólùfẹ́ méjèèjì sì ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ bí ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àwo náà ló máa kọ́kọ́ rà á, yóò tún ra mẹ́wàá fún àwọn àna rẹ̀. Ẹni tí wọ́n kì ló ń sanwó orin.

Láti òkè òkun ni nǹkan ti yí padà. Bob Marley, olórin Jamaica, kú ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1981. Chris Blackwell tó ni ilé iṣẹ́ Island Records ní London pàdánù ẹni tó gbé ilé iṣẹ́ náà ró kárí ayé, ó sì ń wá ẹlòmíràn tí ayé adúláwọ̀ lè fi bọ́ síwájú. Ọmọ Faransé kan wà, Martin Meissonnier, tó ti bá Fẹlá ṣiṣẹ́ rí. Òun ló di agbátẹrù Sunny Adé. Lomé ní Togo ni wọ́n ti gba ohùn àwo náà sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu pé àwo tó gbé jùjú yí ayé ká, wọn kò gbà á sílẹ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ mọ̀ pé Lomé kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀, wàhálà Èkó kò sì sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó gbogbo ohùn náà lọ sókè òkun láti pò ó pọ̀, ọwọ́ àwọn tó ti ń ṣe orin Jamaica fún Island sì hàn nínú rẹ̀: ohùn kan á ṣáà dédé jìn sínú ihò, á padà wá bí gbohùngbohùn, kíbọ́ọ̀dù á sì fọn díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á panu mọ́.

Blackwell ti ṣe irú rẹ̀ rí. Nígbà tí Bob Marley àti àwọn Wailers gba Catch a Fire sílẹ̀ ní Jamaica, ó gbé e lọ sí London, ó ní kí Wayne Perkins, ọmọ Amẹ́ríkà, fi gìtá kún un, kí John Bundrick náà fi kíbọ́ọ̀dù kún un, kí etí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó lè gbà á. Ọdún 1973 ni àwo yẹn jáde. Nítorí náà, ọgbọ́n tí wọ́n dá fún Sunny Adé kì í ṣe tuntun. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé fún Marley, wọ́n fi kún un. Fún Sunny Adé, iṣẹ́ tó pọ̀ jù ni yíyọ kúrò.

Àwo Juju Music ní orin méje. Méje! Lórí àwo jùjú nílé, méjì ni à ń retí. ‘Jà Fún Mi’ gba ìṣẹ́jú méje àti díẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn orin náà kì í ṣe tuntun fún wa. ‘Sunny Ti De’ ti wà lórí àwo nílé láti 1974. Ohun tí Meissonnier ṣe ni pé ó wọnú òkun orin tó ti wà nílẹ̀, ó mú ibi tó rò pé àjèjì lè gbádùn, ó fi òpin sí i níbi tí kò ní òpin tẹ́lẹ̀, gígé bíi ti ‘Autobahn’. Ó gé orúkọ àwọn olówó kúrò. Kí ni ará Paris fẹ́ fi orúkọ alágbàṣe kan ní Ìjẹ̀bú ṣe? Kò mọ̀ ọ́n, kò lè jó sí i, alágbàṣe náà kò sì ní ra àwo rẹ̀ fún un. Ní báyìí, ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ní New York tó fi dọ́là tirẹ̀ ra àwo ló ń sanwó orin, ẹni yẹn kò sì ní orúkọ tí gángan lè pè.

Ẹ wá wo orin tí wọ́n fi síwájú. Àdúrà sí orí ni ‘Jà Fún Mi’: akọrin ń bẹ orí rẹ̀, ẹlẹ́dàá rẹ̀, pé kó gbèjà òun. Kò kí ẹnikẹ́ni. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú àwo òde àríyá, irú àdúrà yìí ni ẹnu ọ̀nà, ibi tí à ń gbà wọlé kí a tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ayẹyẹ. Wọ́n yọ ilé náà kúrò, wọ́n fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, ó sì dúró. Èmi gbà pé ìdí tó fi dúró ni pé orí kì í ṣe ti olówó nìkan. Ọ̀rọ̀ orí, ẹni tó jókòó lójú agbo àti ẹni tó ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé jọ ní in. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kankan, á ṣáà mọ̀ nínú bí ohùn náà ṣe rọ̀ pé ẹnìkan ń tọrọ nǹkan. Mi ò mọ orin jùjú mìíràn tó lè ru ẹrù yẹn láìsí orúkọ ènìyàn nínú rẹ̀. Ìyàn tó dára ni, yálà Sunny Adé ló yàn án tàbí Faransé náà, tàbí àwọn méjèèjì.

Sunny Adé ò yí èdè padà. Yorùbá ló fi kọ ọ́, lọ́nà tí ẹ óò fi gbọ́ gbogbo rẹ̀ yéké. Gángan ò kúrò níwájú. Kíbọ́ọ̀dù kò gba ipò ìlù kankan nínú orin yìí; ó wà níbẹ̀ bí àlejò tó mọ ìwà hù.

Àwo tó tẹ̀lé e ni Synchro System, ní 1983. Ẹ̀rọ pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Sunny Adé àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lé ní ènìyàn mẹ́rìndínlógún lọ káàkiri Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Robert Altman fi wọ́n sínú fíìmù rẹ̀ kan, O.C. and Stiggs, tí kò já mọ́ nǹkan kan bí fíìmù, àfi ibi tí African Beats ti gbórí ìtàgé. Nígbà tó di 1984, wọ́n yan Synchro System mọ́ àwọn tó lè gba ẹ̀bùn Grammy. Abẹ́ ìsọ̀rí wo? Orin ìbílẹ̀ àti ti ẹ̀yà. Clifton Chenier, baba arúgbó alákọ́díọ̀nù láti Louisiana, ló gbà á, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó wò. Àwọn ọmọ Sheffield tẹ kíbọ́ọ̀dù, wọ́n pè é ní orin ọjọ́ iwájú. Ọmọ Oǹdó tẹ kíbọ́ọ̀dù, wọ́n ní ìbílẹ̀ ni. Ẹ̀rọ kan náà ni, ilé iṣẹ́ kan náà ló lè ṣe é. Àwọ̀ ara àti èdè ẹnu ni wọ́n fi pín in, kì í ṣe ohun tó wà nínú àwo. Inú ń bí mi sí èyí títí di òní, mo sì mọ̀ pé lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún, àwọn ọmọ wa tó ń lo kọ̀ǹpútà kọrin ṣì ń bá irú àpótí bẹ́ẹ̀ jà lórí orúkọ tí wọ́n fi ń pe orin wọn.

Ní ti Aura, àwo kẹta, 1984, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Stevie Wonder fọn fèrè ẹnu nínú ‘Ase’, ẹ̀rọ ìlù sì gba àyè púpọ̀. Kò tà bí Island ṣe fẹ́. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni pé ilé iṣẹ́ náà fẹ́ kó túbọ̀ sún mọ́ etí òyìnbó, òun náà sì kọ̀. Wọ́n pínyà. Kò pẹ́, African Beats náà tú, ó sì kó ẹgbẹ́ mìíràn jọ tó pè ní Golden Mercury. Ó padà sí òde àríyá, ibi tí orúkọ ènìyàn ti ń mú owó wá, ó sì ń jẹun rẹ̀ láìbẹ Blackwell.

Ẹni tí mo fẹ́ fi wé e kì í ṣe Yorùbá. William Onyeabor, ọmọ Enugu, ọjọ́ orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: oṣù Kẹta ọdún 1946 ni wọ́n bí tirẹ̀. Láàárín 1977 sí 1985 ó ṣe àwo mẹ́jọ, ó sì kó kíbọ́ọ̀dù jọ bí ẹni ń kó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ó ní sítúdíò tirẹ̀, ó ní ilé iṣẹ́ tó ń tẹ àwo tirẹ̀, Wilfilms, ní Enugu. Orin rẹ̀ tí ayé padà mọ̀ jù ni ‘Fantastic Man’, láti inú àwo Tomorrow ti 1979: ìró ẹ̀rọ tí kò dẹwọ́, ohùn ọkùnrin kan tó ń ṣe bí ẹni ń ṣàwàdà, àwọn obìnrin tó ń gbè é. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó ṣe orin kíbọ́ọ̀dù ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Sheffield ṣe ń ṣe é, òun ni, ó sì ṣáájú ‘Don’t You Want Me’ ní ọdún méjì. Ó di àtúnbí, ó fi orin sílẹ̀, ó dojú kọ òwò. Ní 2013, Luaka Bop, ilé iṣẹ́ David Byrne ní New York, kó àwọn orin rẹ̀ jọ, wọ́n fi ìbéèrè ṣe orúkọ àwo náà: Who Is William Onyeabor? Àwọn gbajúmọ̀ kó ẹgbẹ́ jọ láti máa kọ orin rẹ̀ lórí ìtàgé London àti New York. Òun kò bá wọn lọ. Ó kú ní Enugu ní oṣù Kìíní ọdún 2017.

Ìyàtọ̀ tí mo rí láàárín àwọn méjèèjì ni èyí. Onyeabor kò ní òde àríyá. Kò sí olówó tó ń kì, kò sí ẹni tó ń lẹ owó mọ́ ọn lórí, òun fúnra rẹ̀ ló ń sanwó orin rẹ̀. Ohun tó wù ú ló ṣe. Nígbà tí àwọn àjèjì dé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan tí wọ́n ní láti gé, wọ́n kàn tún un tà ni.

Nílé níbí ńkọ́? Ṣẹ́gun Adéwálé ti ń pe jùjú tirẹ̀ ní Yo-Pop kí ọdún 1985 tó dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú kíbọ́ọ̀dù padà wá sí òde àríyá tó sì fi í jókòó lórí àga ni Shina Peters. Àwo rẹ̀, Ace, jáde ní 1989. Láolú Akíns tó ti lùlù fún ẹgbẹ́ BLO ló ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ìlù rẹ̀ yára ju ti Sunny Adé lọ, kíbọ́ọ̀dù ń dáhùn sí gángan gbangba, orúkọ àwọn olówó sì padà dé. Gbogbo ohun tí Meissonnier gé kúrò ni Shina fi kún un, òun náà sì fi ẹ̀rọ tí Meissonnier mú wá sínú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè yìí gbóná jánjàn fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ti tó ọmọ ogún ọdún nígbà náà, ẹ mọ̀ pé irọ́ kọ́ ni mò ń pa. Láti ibẹ̀ lọ ni a ti dé ọ̀dọ̀ olórin kan ṣoṣo pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù kan àti gbohùngbohùn méjì níbi ìsìnkú, tí onígángan sì jókòó sílé. Mi ò ní dá ẹjọ́ ìyẹn lónìí. Owó tí wọ́n fi ń pe ènìyàn mẹ́rìndínlógún ti wọ́n jù.

Mo ti sọ nípa Oǹdó, mo ti sọ nípa Enugu, ẹ ó sì bi mí pé Ìkálẹ̀ ńkọ́. Madam Comfort Ọmọge ni mo ní láti dárúkọ, òun àti ẹgbẹ́ Àṣíkò Ìkálẹ̀ rẹ̀. Ó ṣe àwo. Ẹ̀ka èdè wa ló fi kọ ọ́, ìlù àti ohùn ènìyàn ló fi gbé e. Kò sí Faransé tó wá bá a ní Lomé. Àwọn kan máa ń sọ pé àìsí kíbọ́ọ̀dù nínú rẹ̀ ló jẹ́ kí ó dúró sí ọ̀dọ̀ wa. Mi ò gbà. Bí ẹ bá fi kíbọ́ọ̀dù mẹ́wàá kún un, ohun kan náà ni: àwọn ènìyàn tó ń kì, àwọn ìlú tó ń pè, àwa ló ni wọ́n, àwa náà ló sì ń sanwó rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tà á lókè òkun yóò gé wọn kúrò, mi ò sì mọ ohun tó máa kù tó bá gé wọn tán. Fún ‘Jà Fún Mi’, àdúrà ló kù. Ó ṣeé ṣe kí àdúrà wà nínú tiwa náà tó lè dá dúró, ṣùgbọ́n a kò ì tíì jókòó gbọ́ ọ tán láti mọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe kò ju pé kí a kọ́kọ́ ní gbogbo rẹ̀ lódindi. Àwo Àṣíkò wà nínú àpótí ní Òkìtìpupa, ní Ìgbọ́tako, ní Ìrèlẹ̀, ní Àyèká níbí. Eruku ń jẹ wọ́n, àwọn ọmọ ń fi wọ́n ṣe fìrìsíbì. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn inú àwo sínú kọ̀ǹpútà kò wọ́n mọ́. Bí ẹ bá ní èyíkéyìí nílé, ẹ jẹ́ kí a gbà á sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú gbogbo orúkọ olówó inú rẹ̀, kí a sì kọ orúkọ ẹni tó lu ìlù àti ẹni tó gbè é, nígbà tí àwọn tó lè dá ohùn wọn mọ̀ ṣì wà láyé. Mo rí màmá kan níwájú tó ti ń mi orí láti ìgbà tí mo ti dárúkọ Comfort Ọmọge. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé gbohùngbohùn fún wọn kí wọ́n bá wa sọ̀rọ̀.